Àdúrà Oorun ní Aago Méje Àárọ̀

Ní ilé tiwa, àárọ̀ ni a máa ń gba àdúrà oorun. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n tètè ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé mo ṣì í kọ. Àwọn Kristẹni yòókù tí mo mọ̀ a máa kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn wọn lálẹ́, wọn a fi ara wọn lé Ọlọ́run lọ́wọ́, wọn a pa iná, ó parí. Àwa náà máa ń gba ti alẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́, nítorí pé ẹni tí oorun rẹ̀ ká wa lára jù kì í sí nílé lálẹ́. Màmá mi ni ẹni náà. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni wọ́n sì wà. Ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń sọ yìí, ọdún tó jẹ́ pé iṣẹ́ òru ni wọ́n ń ṣe láti oṣù dé oṣù nítorí pé àwọn nọ́ọ̀sì kò tó. Wọn a jáde nírọ̀lẹ́ nínú aṣọ funfun tí èmi kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, wọn a sì wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú ojú tó pọ́n àti ẹsẹ̀ tó wú, òórùn oògùn á sì máa tẹ̀lé wọn bọ̀ láti ẹnu géètì. Nígbà tí gbogbo Makera, àdúgbò wa ní Kaduna, bá ń jí, ìgbà náà ni ilé wa ń múra láti fi ẹnì kan sùn. Nígbà èwe mi, ojú máa ń tì mí láti sọ èyí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Nísinsìnyí ó máa ń wú mi lórí débi pé mo ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò tilẹ̀ béèrè.

Màmá mi a kọ́kọ́ kí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, tí wọ́n wá láti Kogí tí wọn kò sì padà mọ́. Lẹ́yìn náà wọn a wẹ̀, wọn a mu kúnú ọkà bàbà gbígbóná tí Màmá Làdí, aládùúgbò wa tó ń dín kóséè, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, bá fi ránṣẹ́, wọn a ti òwú bọ etí méjèèjì, wọn a sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ fèrèsé. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà, á ti jáde lọ sílé ìwé wọn, nítorí náà èmi àti Ìyá Àgbà nìkan ló máa ń kù. Ẹnu ọ̀nà yàrá ni a ń kúnlẹ̀ sí, kì í ṣe lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Àgbà ní ẹni tó ń ṣọ́ oorun kì í dúró lé ẹni tó ń sùn lórí bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ẹnu ọ̀nà ni ọdẹ ń jókòó sí. Àdúrà náà ní ọ̀nà tó ń gbà lọ, ọ̀nà náà kì í sì í yí padà. Ìyá Àgbà a kọ́kọ́ dúpẹ́ pé ọmọ wọlé láyọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọn a lé ohun tó yẹ ní lílé: àlá burúkú, ìpayà, ìró òjijì, àti ẹ̀fọn pẹ̀lú, nítorí wọ́n ní ẹ̀fọn náà wà lára ohun tí Ọlọ́run lè bá ènìyàn lé bí ènìyàn kò bá gbéraga jù láti sọ ọ́. Ìgbẹ̀yìn ni wọn a wá bo gbogbo àgbàlá wa, orúkọ lórúkọ, pẹ̀lú ohùn tó ga tó láti dé ojúde.

“Olúwa tí kì í tòògbé,” báyìí ni wọ́n máa ń wí, “ọmọ rẹ bá ọlọ́mọ ṣọ́ ọmọ mọ́jú. Ìwọ náà bá a ṣọ́ ara tirẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Fi ọwọ́ tútù bò ó lójú. Bo ọkọ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé, bo ọmọ rẹ̀ tó kúnlẹ̀ síbí, bo Màmá Làdí nídìí iná, bo Bàbá Múkáílà nídìí irin, kí páànù má gé e lọ́wọ́.” Èmi a ṣe Àmín. Nígbà mìíràn, Hausa ni mo fi ń dá kún un, torí pé Hausa ló yọ̀ lẹ́nu mi jù nígbà náà. Mò ń gbọ́ Yorùbá, mo sì ń fi Hausa dáhùn, bí ọ̀pọ̀ lára wa tí wọ́n bí sí Kaduna. Ìyá Àgbà kò gbà fún mi nídìí àdúrà. Wọ́n ní Ọlọ́run gbọ́ Hausa dáadáa, àwọn ni àwọn fẹ́ mọ ohun tí mò ń bá a sọ.

Bàbá Múkáílà yìí ló ń gbé yàrá tó kọjú sí títì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wọn, ṣùgbọ́n Doka ní Kaduna níbẹ̀ ni wọ́n ti bí wọn, Mùsùlùmí sì ni wọ́n. Àpótí páànù ni iṣẹ́ wọn, irú èyí tí àwọn ọmọ tó ń lọ gbé nílé ìwé máa ń kó ẹrù sí, tí wọ́n á fi ọ̀dà kùn ní búlúù tàbí àwọ̀ ewé, tí wọ́n á kọ orúkọ ọmọ sí lára. Níwájú yàrá wọn, wọ́n ri ègé irin ojú ọ̀nà reluwé kan mọ́lẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń lu páànù. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa irin yìí kí ìyókù tó yé yín. Nígbà tí mo ṣì kéré gan-an, ìjà ẹ̀sìn jà ní Kaduna, ó sì pín ìlú sí méjì lẹ́bàá odò. Púpọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa kó kọjá afárá, àwọn Kristẹni tó wà lọ́hùn-ún náà kó wá sọ́dọ̀ wa. Ìyàwó Bàbá Múkáílà lọ sí Hayin Banki, lódìkejì afárá, lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà. Bàbá Múkáílà nìkan ni kò lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí, wọn a fi ẹsẹ̀ ta irin náà, wọn a ní, “Ó wúwo. N kò lè gbé e kọjá afárá.” Gbogbo ènìyàn a rẹ́rìn-ín. Èmi gbà á gbọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo máa ń wo irin náà, mo sì máa ń dúpẹ́ pé ó wúwo.

Nígbà tí ilé ìwé girama bá fẹ́ wọlé lẹ́yìn ìsinmi ńlá, tí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tiwa ti wọlé ṣáájú, ni àpótí máa ń tà jù. Ní ọdún náà, láti bíi aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni òòlù ti ń dún, kò sì ní í dákẹ́ títí di ìgbà tí Bàbá Múkáílà bá lọ kírun ọ̀sán, lẹ́yìn ìyẹn á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ìró òòlù lórí páànù tó sì wà lórí irin reluwé kò lè mọ ohun tí mò ń wí. Kì í ṣe etí nìkan ló ń wọ̀, ó ń wọ eyín. Òwú kò lè ṣe nǹkan kan fún un. Mo máa ń yọjú wo màmá mi lẹ́yìn ilé ìwé, màá bá wọn tí wọ́n la ojú sílẹ̀ tí wọ́n ń wo àjà. Bí wọ́n bá rí mi, wọn a tètè di ojú, bíi pé àwọn ni ọmọdé, èmi ni òbí.

Ọ̀nà tí mo gbà mọ ohun tó wà nílẹ̀ kò dára, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀. Màmá mi máa ń mú súùtì kan bọ̀ fún mi láti ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan n kò ní sùúrù, mo tú báàgì wọn, mo rí ìwé kan tí wọ́n ká ní mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì ni, ìgbà mẹ́ta ni mo kà á kó tó yé mi: pé wọ́n bá nọ́ọ̀sì náà tó ń sùn lórí àga lẹ́nu iṣẹ́, pé omi tí wọ́n fà sí ọmọ kan lára ti tán kí ó tó jí, pé bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá inú ìwé náà bóyá ọmọ yẹn kú, n kò rí i. Ó tó ọdún mẹ́wàá kí màmá mi tó sọ fún mi pé nǹkan kan kò ṣe ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi nìkan ni mo gbé òkú ọmọ tí kò kú káàkiri inú mi. Màmá mi kò sọ fún bàbá mi, wọn kò sọ fún Ìyá Àgbà, èmi náà kò sì lè sọ, nítorí mo ní láti kọ́kọ́ sọ pé mo tú báàgì.

Nítorí náà mo sọ ara mi di ọdẹ oorun. Mo lé adìyẹ. Mo bẹ Màmá Làdí kó fi àkísà sábẹ́ odó rẹ̀, ó sì ṣe é, ó fi Hausa gbà, ó ní, “To, ọ̀gá sójà.” Nígbà tí àwọn obìnrin méjì láti ẹgbẹ́ ìlú wa wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé, tí ọ̀kan béèrè bóyá ìyàwó ilé ṣì ń sùn nígbà tí oòrùn ti wọ inú ìkòkò ọbẹ̀, Ìyá Àgbà ni wọ́n dá a lóhùn, mo sì ń rántí rẹ̀ bí ẹni ń rántí orin.

“Ẹ̀yin tí ẹ sun òru, ẹ jẹ́ kó sun ọ̀sán. Àbí ta ló jí nígbà tí ọmọ yín gbóná lóṣù tó kọjá? Ẹ̀yin ni, àbí òun?”

Obìnrin náà ní eré lòun ń ṣe. Ìyá Àgbà ní àwọn náà ń ṣeré. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fún un ní omi mu. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà tó lè pa ẹnu àlejò mọ́ báyìí kò sọ̀rọ̀ nípa òòlù rí, bàbá mi kò sọ ọ́, màmá mi pàápàá kò sọ ọ́. Mo rò nígbà náà pé wọn kò gbọ́ ọ ni. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí àgbàlagbà ń dì mọ́ ẹnu nítorí pé ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ti gbọ́ ohun tó burú jù ú lọ lọ́wọ́ ìlú.

Òjò pa Ìyá Àgbà ní ọjọ́ ìsinmi kan tí wọ́n ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ohùn wọn ti lọ pátápátá. Màmá mi wọlé, wọ́n wẹ̀, wọ́n di etí, wọ́n dùbúlẹ̀. Ìyá Àgbà fi ìka tọ́ka sí mi, wọ́n sì tọ́ka sí ẹnu ara wọn. Ó yé mi. Èmi ni màá gbà á. Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù àti ayọ̀ ló jọ gbá mi mú, n kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù. Mo kúnlẹ̀. Mo dúpẹ́ ní Yorùbá, ó lọ geere. Mo dé ibi tí a ti ń lé nǹkan. Mo lé àlá burúkú, mo lé ìpayà, mo lé ẹ̀fọn. Nígbà náà ni ìwé inú báàgì yẹn dìde nínú mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti kọ́ wa pé kí á máa dárúkọ ohun tó ń dà wá láàmú, kí á má ṣe gbàdúrà lóréfèé. Mo sì jẹ́ ọmọ tó máa ń bẹ̀rù pé bí n kò bá ṣàlàyé dáadáa, wọ́n á ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Mo ṣì rí bẹ́ẹ̀ títí di òní. Mo bẹ̀rù kí Ọlọ́run má lọ bá ẹlòmíràn.

“Olúwa,” ni mo wí, “lé ẹni tó ń bá oorun màmá mi jà. Bàbá Múkáílà ni. Bàbá Múkáílà tó ń ṣe àpótí páànù níwájú ilé wa ní Makera, kì í ṣe Bàbá Múkáílà kejì tó wà ní ìdíkọ̀.”

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ gbá mi lórúnkún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí àgbà bá fọwọ́ gbá ọ níbi tí o ti ń gbàdúrà, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kí o tẹ̀ síwájú, pé ó ń wọlé. Mo gbé ohùn sókè. “Mú un kúrò, Olúwa. Mú un kúrò ní ilé yìí.” Wọ́n tún gbá mi. Mo tún un wí, ní ohùn tó dé títì. Mo bo bàbá mi, mo bo Màmá Làdí, mo ṣe Àmín. Ìyá Àgbà kò ṣe Àmín. Mo rò pé ohùn tí kò sí ló fà á.

Wọ́n na ọwọ́ láti dì mí mú, ṣùgbọ́n agogo ilé ìwé ti ń lù, mo gbé báàgì mi, mo sáré. Bàbá Múkáílà jókòó nídìí irin pẹ̀lú òòlù lórí itan. Mo kí wọn. Wọ́n ní kí Ọlọ́run bá mi lọ. Ohùn wọn tutù, n kò sì kíyè sí i. Mo ti dé orígun kí n tó mọ̀ pé n kò tíì gbọ́ òòlù.

Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, yàrá Bàbá Múkáílà wà ní títì. Ìdákẹ́jẹ́ bo àgbàlá wa débi pé mo gbọ́ nígbà tí Màmá Làdí ń yí kóséè nínú epo. Mo yọ́ wọlé. Màmá mi ń hanrun. Ẹnu wọn ṣí díẹ̀, ọwọ́ wọn kan bọ́ sílẹ̀ lára bẹ́ẹ̀dì bí ọwọ́ ọmọ ọwọ́. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú iṣẹ́ ilé mi, n kò ka nǹkan kan, ìhanrun yẹn ni mò ń gbọ́. N kò lè ṣàlàyé bí mo ṣe tóbi tó lójú ara mi. Ìyá Àgbà wá, wọ́n wò mí pẹ̀lú ojú tí n kò lóye, wọ́n tún padà lọ jókòó síta, wọ́n kọjú sí títì bí ẹni ń retí ènìyàn. Èmi rò pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gbà.

Aago mẹ́rin ni màmá mi jí. Funfun ojú wọn ti padà funfun. Wọ́n na ara, wọ́n yọ òwú létí, wọ́n sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ tí àdúgbò fi dákẹ́ tó báyìí. Mo sọ fún wọn. Mo ka àdúrà náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ohùn tí mo fi gbà á, mo sì dúró de ìyìn. Bí mo ṣe ń kà á ni mo ń rí ojú wọn tó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Kí n tó parí, a gbọ́ ìró kan láti ìta. Kì í ṣe òòlù. Ọkọ́ ni, tó ń walẹ̀.

Bàbá Múkáílà ti padà dé, wọ́n ń hú irin. Wọ́n ti wa ilẹ̀ yí i ká, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, ihò rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ bí ihò eyín. Ìyá Àgbà dúró tì wọ́n, wọ́n di apá Bàbá Múkáílà mú, ẹnu wọn ń ṣí, ohùn kò jáde. Màmá mi kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú àmì ìrọ̀rí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Bàbá, irin tí ẹ ní kò ṣeé gbé kọjá afárá?”

“Àbúrò mi ti rí ààyè fún mi ní Hayin Banki, ìyàwó. Ọkọ̀ á dé lọ́la.” Wọ́n tún fi ọkọ́ wa ilẹ̀. “Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ mi níbì kan ni irin máa ń wúwo.”

Màmá mi ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, kí wọ́n dákun. Bàbá Múkáílà mi orí. Wọ́n ní àwọn kò bínú sí ọmọ, ṣùgbọ́n ohun tí àgbà bá sọ nínú yàrá ni ọmọdé máa ń sọ lójúde. Ìgbà náà ló yé mi. Wọ́n rò pé gbogbo ilé wa ló jókòó, tó fẹnu kò, tó ní kí Ọlọ́run lé wọn lọ bí ìlú ti lé àwọn yòókù. Mo rí irin tó ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí n kò bá sọ̀rọ̀, á lọ, á sì jẹ́ ọwọ́ mi ló hú u. Hausa ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Ìyá Àgbà wò mí. Mo tún un sọ ní Yorùbá, láàárín ẹkún: pé kò sí ẹni tó sọ ọ́, èmi nìkan ni, pé mo tú báàgì, pé mo ka ìwé, pé wọ́n bá màmá mi tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, àti pé bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, iṣẹ́ á bọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú títì, níwájú Màmá Làdí, níwájú àwọn tó wá ra kóséè.

Màmá mi kò gbé ojú sókè. Bàbá Múkáílà fi ọkọ́ sílẹ̀.

“Ìyàwó, òòlù mi ló ń ṣe yín báyìí, ẹ kò sì sọ?”

“Ẹ̀yin náà ń wá oúnjẹ òòjọ́ yín, Bàbá. Ta ni mo jẹ́ tí màá ní kí òòlù yín dákẹ́, lẹ́yìn gbogbo ohun tí ìlú yìí ti fi ojú yín rí?”

Lẹ́yìn náà Bàbá Múkáílà sọ ohun tí n kò tíì gbàgbé. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí Ìyá Àgbà ti dé ilé náà, àwọn kì í gbé òòlù kí àwọn tó gbọ́ orúkọ àwọn. Àwọn á ti kírun tàwọn ní ìdájí, ṣùgbọ́n àwọn á jókòó, àwọn á dúró, títí ohùn Ìyá Àgbà á fi dé ibi páànù. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú wa, ọwọ́ àgbàlagbà tó ti ń gé páànù láti kékeré, àpá púpọ̀ ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ti gbó.

“Ẹ wò ó, kò sí tuntun. Lónìí mo gbọ́ orúkọ mi, kò sí níbi tó máa ń wà. Wàláhì, ọwọ́ mi kò gbé òòlù.”

Màmá Làdí ló gbà wá. Ó ní, “Haba, Baba, bí ẹ bá lọ, ta ni á máa sọ pé kóséè mi kò ní iyọ̀?” Bàbá Múkáílà rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ìyá Àgbà rí àyè, wọ́n fa mí mọ́ra, wọ́n sì fi ìwọ̀nba èémí tó kù lọ́fun wọn sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa ní láti tẹ etí sílẹ̀. “Ẹ dá irin padà sí ihò rẹ̀. Ọmọ á tún un gbà lọ́la.” Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi. “Ẹni tó bá ń fi ẹjọ́ aládùúgbò sun Ọlọ́run, kó rántí pé aládùúgbò náà ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tirẹ̀.”

Bàbá Múkáílà ló dá ìlànà tí a fi gbé ìyókù ọdún náà. Láti àárọ̀ títí màmá mi á fi jí, wọ́n á máa wọn páànù, wọ́n á máa fi àlùmọ́gàjí ńlá wọn gé e, wọ́n á máa fi ọ̀dà kun èyí tí wọ́n ti lù parí. Bí màmá mi bá jí, wọ́n á lù ú di alẹ́, nígbà tí màmá mi á ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè, pé kí n fi orúkọ wọn síbi tí Ìyá Àgbà máa ń fi í sí, kí n sì jẹ́ kí àwọn gbọ́. Bàbá mi dé, wọ́n gbọ́ ìròyìn. Wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n bá Bàbá Múkáílà ri irin padà.

Ní ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Mo dúpẹ́. Mo lé ẹ̀fọn. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ, mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ láti ìta, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan jókòó sínú rẹ̀. “Bo Bàbá Múkáílà nídìí irin,” ni mo wí, “kí páànù má gé e lọ́wọ́.” Mo gbọ́ tí wọ́n fi ìka kan ṣoṣo kan páànù, kò dún ju kí ẹyẹ bà lé òrùlé lọ. Ìyá Àgbà ṣe Àmín láìní ohùn, ètè wọn nìkan ló mì. Màmá mi ti sùn.

Ìwé kejì kò dé láti ibi iṣẹ́. Màmá mi ni wọ́n padà fi ṣe olórí wọ́ọ̀dù yẹn, wọ́n sì máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun bóyá wọ́n ń rí oorun sùn nílé, kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun mìíràn. Nígbà tí mo ń lọ gbé nílé ìwé girama, Bàbá Múkáílà ṣe àpótí mi láìgba nǹkan kan. Búlúù ni, wọ́n kọ orúkọ mi, Tósìn, sí i lára. Wọ́n gbé e wá fúnra wọn, wọ́n lù ú lórí díẹ̀, wọ́n ní, “Alẹ́ ni mo lu gbogbo èyí. Kò sí oorun ẹnikẹ́ni tó bàjẹ́ nínú rẹ̀.”

Àpótí náà wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi nísinsìnyí, nínú yàrá kan tí mo háyà ní Doka. Mo ti jáde ní yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, ìwé-ẹ̀rí mi wà nínú rẹ̀, mo sì ń retí iṣẹ́ tí kò tíì dé. N kì í sùn dáadáa. Mo máa ń rò ó pé bóyá mo ti ṣàlàyé ara mi jù níwájú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, tàbí n kò ṣàlàyé tó. Ìyá Àgbà ti sun oorun tí a kì í ṣọ́. Bàbá Múkáílà ti dàgbà, wọ́n wà ní Hayin Banki lọ́dọ̀ ìyàwó wọn, ìfẹ́ ara wọn ni wọ́n fi lọ, irin náà sì wà ní Makera níbi tó wà, ó wúwo jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí oorun kò wá, mo máa ń rántí pé inú ilé tí mo ti wá, wọ́n fi ọkọ́ àti òòlù àti àkísà abẹ́ odó gbèjà oorun ènìyàn kan ṣoṣo, Kristẹni ilé wa àti Mùsùlùmí ilé wa, orí mi a sì wú. Mo máa ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, màá lọ kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Màá lé ìpayà, màá lé ẹ̀fọn, màá sì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí màá fi dé ibi páànù. Kò sí páànù lọ́wọ́ Bàbá Múkáílà mọ́, mo mọ̀. N kò yí àdúrà náà padà.